Ìgbà Mọ́kànlá tí Méyọ̀ Zavrtanik Gun Òkè Triglav

Ní ìlú Podgozdnik, ohun méjì ni a kì í bi ọkùnrin tó bá ti lé ní ogójì ọdún: bóyá ìyàwó rẹ̀ ló ń pàṣẹ nínú ilé, àti bóyá ó ti gun òkè Triglav, òkè tó ga jù ní ilẹ̀ Slovenia. Ìdáhùn àkọ́kọ́, gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀ ọ́n. Ìdáhùn kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ Slovenia tí kò gun Triglav rí dà bí ọmọ tí wọ́n bí tí wọn kò sọ lórúkọ: ó wà láàyè lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tí a ó máa pè é. Nítorí náà, ẹni tó ti gùn ún ń sọ ọ́, ẹni tí kò gùn ún náà ń sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Méyọ̀ Cvetko Zavrtanik ti gùn ún nígbà mọ́kànlá.

Òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ du ipò, ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ìgbà mẹ́ta péré ni. Nígbà tó dù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó ti di méje. Nígbà kẹta, ó di mọ́kànlá. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyí, ikùn rẹ̀ ń tóbi sí i, bàtà rẹ̀ ń dán sí i, kò sì sí ẹni tó rí i kí ó gun ohun tó ga ju àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ìlú lọ.

Èyí tó lókìkí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni ti ìgbà keje. Ó ní ìjì ká òun àti ọgbọ̀n ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ orí òkè náà gan-an, òun sì kó gbogbo wọn wọ inú ilé-ìṣọ́ tó wà níbẹ̀, òun ń pàlọ́ fún wọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní òwúrọ̀, ó ní òun ṣí fèrèsé ilé-ìṣọ́ náà, òun sì na ọwọ́ sí Podgozdnik ní ìsàlẹ̀, gbogbo ọmọ náà bú sẹ́kún ayọ̀. Wọ́n ti ya ìtàn yìí sára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi: ilé-ìṣọ́ alájà mẹ́ta, tó ní kọ́tìnì pupa, Méyọ̀ sì yọ orí láti òkè pátápátá. Àwọn tó ti dé orí Triglav ní tòótọ́ máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán yìí, wọ́n á wúkọ́ díẹ̀, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ.

Ìbá ti rí bẹ́ẹ̀ títí ayé, bí kì í bá ṣe Darinka Lapajne, dókítà ẹran ọ̀sìn, tó jáde lọ́dún yìí láti du ipò náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ìpàdé àwọn olùdìbò, nígbà tí ìdìbò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnì kan láti ẹ̀yìn bi í pé ìgbà mélòó ni òun ti gun Triglav.

"Ẹ̀ẹ̀mejì," ni Lapajne dáhùn. "Lẹ́ẹ̀kẹta, orúnkún mi kọ̀, mo bá yí padà."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó yí padà! Zavrtanik jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ àtẹ́wọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó dìde fùú.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "àwọn kan wà tí òkè ń kọ̀. Àwọn kan sì wà tí òkè ń dúró dè. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti gbogbo òṣìṣẹ́ ìlú yìí yóò pàgọ́ sínú igbó ìjọba, a ó rìn, a ó gòkè, fọ́tò mi lórí Triglav yóò sì wà lẹ́nu ọ̀nà olùdìbò kọ̀ọ̀kan. Bí mi ò bá dúró lórí òkè yẹn bí onílé ṣe ń dúró nínú ilé rẹ̀, ẹ má dìbò fún mi!"

Ẹ gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó fi ipá mú un. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ta ìjókòó rẹ̀ ní tẹ́tẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, Àṣẹ Nọ́ńbà Mẹ́rìnléláàádọ́fà jáde láti ọ́fíìsì. Ojú ìwé mẹ́sàn-án ni. Ó ní bí ipò bá ṣe tẹ̀lé ara wọn lọ́fíìsì ni wọn yóò ṣe tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà òkè, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọjá ọ̀gá rẹ̀. Ó ní àṣà wa pé bí ènìyàn bá ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan mítà sókè, kò sí ọ̀gá kò sí ọmọṣẹ́, gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn ní "ìwọ", àṣà yẹn kò kan òṣìṣẹ́ Podgozdnik láti àárọ̀ Sátidé títí di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Ní ìparí, ó ní kí oníkálukú kọ iye ìgbà tó ti gun Triglav sínú fọ́ọ̀mù, nítorí pé yóò jẹ́ ìyàlẹ́nu fún Méyọ̀ bí ó bá gbọ́ pé ẹnì kan wà lábẹ́ òun tí kò gùn ún rí.

Kò sí òṣìṣẹ́ tó fẹ́ ya Méyọ̀ lẹ́nu. Àwọn méjìdínlógún kọ ọ́, nígbà tí wọ́n sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ ìgbà mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ludvik Hrobat, olórí ọ́fíìsì, kọ méje. Ó ti kọ́kọ́ kọ mẹ́jọ, ó wò ó pé ó ti sún mọ́ mọ́kànlá jù, ó pa á rẹ́.

Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló dá wàhálà sílẹ̀, ti Zofka Brence, ìyá àgbàlagbà tó ń se oúnjẹ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ludvik gbé e padà lọ bá a ní ìdáná.

"Màmá Zofka, mẹ́rìnlá lẹ kọ síbí."

"Mẹ́rìnlá náà ni."

"Ó ju ti Ọ̀gá lọ, Màmá."

"Mi ò mọ ti Ọ̀gá. Ẹsẹ̀ mi ni mo kà."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ó di dandan kí ẹ rántí gbogbo ẹ̀ ni?"

Zofka wò ó, ó wo ìkòkò rẹ̀ tó ń hó, ó gba bíró, ó kọ mẹ́wàá.

Ní ọjọ́ Fráídè ni wọ́n pàgọ́ sí ibùdó tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè. Wọ́n pa á ní ìpele-ìpele: àgọ́ Méyọ̀ wà ní ibi tó ga jù, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbá a bí aṣọ tí wọ́n sá, ti Ludvik tẹ̀lé e, àgọ́ Zofka sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá omi, níbi tó tutù tó sì parọ́rọ́. Wọ́n dáná, wọ́n fi sọ́séèjì sí i. Zavrtanik ní òun yóò fi ọ̀rọ̀ ṣókí ṣí iná náà. Ó sọ̀rọ̀ nípa iná fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó ní iná ìlú Podgozdnik kò lè kú. Nígbà tó fi máa dé àmín, sọ́séèjì ti di èédú.

Ludvik bu ọ̀kan jẹ, ó di ojú rẹ̀. "Ọ̀gá, kì í ṣe iná ló sun sọ́séèjì yìí. Ọ̀rọ̀ yín ni. Ẹ ò rí bó ṣe gbóná?"

"Ẹ yáa jẹ tèmi mọ́ ọn," ni Zofka wí, ó sì gbé àwo tirẹ̀ fún un.

Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n gbéra. Méyọ̀ wà níwájú pẹ̀lú ọ̀pá tuntun méjì. Ludvik tẹ̀lé e. Boštjan awọnlẹ̀ gbé tábìlì ìsọ̀rọ̀ tó ṣe é ká, tí Méyọ̀ yóò dúró sí lókè. Tilka, akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ tí Méyọ̀ yóò sọ, ojú ìwé mẹ́rìnlélógún. Jernej, ayafọ́tò ìwé ìròyìn tí wọ́n háyà, ń sáré lọ síwájú, ó ń sáré padà sẹ́yìn. Zofka nìkan tó mọ ọ̀nà ló wà lẹ́yìn pátápátá, nítorí kò sí ipò tó kéré ju ti ìdáná lọ.

Wọ́n dé ìkóríta. Ọ̀nà ọ̀tún tín-ín-rín, ó ga, àmì pupa àti funfun tó ń tọ́ àwọn agùnkè sọ́nà sì wà lára òkúta rẹ̀. Ọ̀nà òsì fẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Zavrtanik kò tilẹ̀ dúró.

"Òsì," ó ní. "Ọ̀nà tó bá fẹ̀ ni ti olórí."

Zofka pariwo láti ẹ̀yìn, "Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ibẹ̀ o! Ọ̀tún ni!"

Ṣùgbọ́n Àṣẹ ti sọ pé ipò-ipò ni ọ̀rọ̀ yóò máa gbà dé iwájú. Ẹni tó wà níwájú Zofka sọ fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀ pé Zofka rò pé ọ̀tún dára. Ìyẹn kò fẹ́ kí ó dà bí àtakò. Ó ní Zofka ní ọ̀tún náà dára. Ẹni tó tẹ̀lé e ní Zofka ní ọ̀nà méjèèjì ló dára. Nígbà tí ó kan Boštjan, Zofka ti ní ọ̀nà Ọ̀gá ló dára jù. Ludvik fi ọlá tirẹ̀ kún un.

"Ọ̀gá, àwọn ará ẹ̀yìn ní kí n sọ fún yín pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gun òkè yìí, àwọn ò rí ọ̀nà tó tó èyí rí."

"Mo mọ̀," ni Méyọ̀ wí.

Wákàtí kan lẹ́yìn náà, ọ̀nà náà parí sínú agbo àgùntàn. Ogójì àgùntàn gbójú sókè, wọ́n wo Méyọ̀, wọ́n ń jẹnu. Ènìyàn mìíràn ìbá ní òun ṣìnà. Zavrtanik fi ọ̀pá rẹ̀ gúnlẹ̀.

"Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ rí," ó ní.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún àwọn àgùntàn. Jernej ya fọ́tò. Wọ́n yí padà.

Ibi tí wọ́n ti ń gun ọ̀nà tó tọ́ pẹ̀lú ahọ́n níta ni àwọn arúgbó mẹ́fà kan ti lé wọn bá, àwọn ẹgbẹ́ agùnkè tó ti fẹ̀yìn tì. Ančka Torkar ló ṣáájú wọn, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe wàràkàṣì, tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dà bí gbòǹgbò igi.

"Ta ni mò ń wò yìí?" ó ní. "Cvetko! Ìwọ nìyí? Ọmọ Pepca! Ó ti rẹ̀ ọ́ báyìí? Sún fún wa, jàre."

Ludvik bọ́ síwájú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Méyọ̀ lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Àṣẹ kan wà, Nọ́ńbà Mẹ́rìnléláàádọ́fà..."

"Mítà mélòó la wà níbí?"

"Ẹgbẹ̀rún kan ó lé irínwó, Màmá."

"Ṣé o rí i? O ti kọjá ibi tí mo ti lè pè ọ́ ní 'ẹ̀yin'. Kúrò lọ́nà, ọmọ dáadáa."

Àwọn arúgbó náà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn fún Méyọ̀ ní súwíìtì.

Wọ́n sùn ní ilé àwọn agùnkè tó wà nítòsí orí òkè, wọ́n jẹ ọbẹ̀ jota, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ku ọ̀nà tó kẹ́yìn: ẹnu òkúta bí ẹnu ọ̀bẹ, okùn irin tí a ń dì mú, ìṣó irin tí a ń tẹ̀, àti òfìfo lọ́tùn-ún lósì. Zavrtanik wo okùn irin náà. Ó wo ìsàlẹ̀. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà sí ti wàrà.

"Ludvik," ó ní, "máa lọ níwájú. Olórí gidi ibi tí ewu bá wà ló ń dúró sí, ẹ̀yìn sì ni ewu wà."

Ó rá lọ sókè. N kò ní bù ú kù: ó dé ibẹ̀. Òógùn bò ó, akoto rẹ̀ wọ́ sí apá kan, Zofka ń ti ìdí rẹ̀ láti ẹ̀yìn bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó kú. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn mí èémí níbẹ̀ tí ó sì dákẹ́, òun ni ì bá ṣì jẹ́ Méyọ̀ títí di òní.

Wọ́n gbé tábìlì kalẹ̀. Àwọn arúgbó ti wà níbẹ̀, wọ́n ń mu tíì, wọ́n fara ti àgbá páànù rìbìtì kan tó dúró láàárín òkè náà, tó ga bí ènìyàn, tó ní ilẹ̀kùn kékeré lára àti àsíá irin lórí. Ènìyàn mẹ́rin lè wọ inú rẹ̀, bí wọn kò bá bára wọn jà.

"Ẹ̀yin ará Podgozdnik," ni Zavrtanik bẹ̀rẹ̀, "kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ inú ilé-ìṣọ́, kí gbogbo yín jókòó."

Kò sí ẹni tó mira. Méyọ̀ wo iwájú. Ó yípo àgbá páànù náà, ó bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó na ọrùn wo etí òkè, ó tún padà wá.

"Ilé-ìṣọ́ dà?"

Jernej ayafọ́tò, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, na ìka sí àgbá páànù náà. "Òun nìyí, Méyọ̀."

"Èyí kọ́," ni Zavrtanik wí, pẹ̀lú ìbínú díẹ̀. "Ibi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí nìyẹn. Ti ńlá dà?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní ilé ẹjọ́, mo ti gbọ́ ọ níbi ìsìnkú. Wọn ò tó èyí. Òṣìṣẹ́ méjìdínlógún ń wo bàtà wọn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn kò sì kàn ń wo bàtà lásán: àwọn náà ti ń wá ti ńlá kiri láti ìgbà tí wọ́n ti dé.

Ančka Torkar gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ká okùn ìgunkè rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ó jókòó sórí òkúta, ó gbọn itan rẹ̀.

"Cvetko, ọmọ mi, máa bọ̀."

Kò sí ọmọ Slovenia tí kò mọ ohun tí èyí jẹ́. Ẹni tó bá dé orí Triglav fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò dojú bolẹ̀ sórí itan ẹni tó ti dé ibẹ̀ rí, wọn yóò fi okùn nà án ní ìdí lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ènìyàn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò fún un ní ọtí díẹ̀, ó ti di ọmọ wa nìyẹn. Adájọ́ ti dojú bolẹ̀ síbẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ti dojú bolẹ̀ síbẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀ rárá.

Zofka sún mọ́ Méyọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ lọ dojú bolẹ̀. Mẹ́ta péré ni. Ẹ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ń nà yín. Kí Jernej ya fọ́tò ẹ̀. Gbogbo ìlú á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní èèyàn bíi tiwa ni, wọ́n á dìbò fún yín. Kò sẹ́ni tó máa rántí mọ́kànlá mọ́."

Òótọ́ ló sọ. Zavrtanik fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni, nítorí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Gbogbo àwọn tó rí i pé ó ń tẹ̀ ni inú wọn dùn fún un.

Ìgbà náà ni Ludvik la ẹnu. "Ẹ wò ó! Ẹ wo bí Ọ̀gá ṣe ń fi orúnkún yẹ́ òkè sí!"

Ó sì pàtẹ́wọ́. Nítorí pé olórí ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́, gbogbo òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Orúnkún náà gbọ́ àtẹ́wọ́. Ó tún nà.

"A kì í na Méyọ̀!" ni Zavrtanik ké. Ó di tábìlì rẹ̀ mú. "Ìjókòó ìjọba ni mo fi ìdí yìí jókòó lé! Ẹni tó bá na ìdí yìí, ó na ẹgbàajì ará ìlú! Mo sì kìlọ̀, òṣìṣẹ́ mi èyíkéyìí tó bá ní òun ò gun òkè yìí rí, yóò rí lẹ́tà lórí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè!"

Atẹ́gùn fẹ́. Ojú ìwé mẹ́rìnlélógún fò kúrò lọ́wọ́ Tilka, ó gba ọ̀nà Italy lọ. Tilka wo ìwé náà títí kò fi rí i mọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Màmá Ančka, èmi náà. Ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyí. Mẹ́rin ni mo kọ sí fọ́ọ̀mù."

Ó lọ dojú bolẹ̀. Wọ́n nà án, ó pariwo, ó rẹ́rìn-ín, ó mu ọtí. Boštjan fa tábìlì gbà kúrò lọ́wọ́ Méyọ̀, ó ká a, ó jókòó lé e, ó ń dúró de ìgbà tó máa kàn án. "Èmi márùn-ún ni mo kọ," ó ní. "Kí Ọlọ́run má bínú sí mi." Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀ka omi, ẹ̀ka ọ̀nà, ẹ̀ka ilé. Ó di ìlà. Ọwọ́ ro Ančka, ó gbé okùn fún Zofka, ìyẹn sì ń nà wọ́n pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn ẹni tí wọ́n ti dín mẹ́rìnlá rẹ̀ kù sí mẹ́wàá.

Ẹni tó kẹ́yìn ìlà ni Ludvik Hrobat.

"Méje lo kọ," ni Zofka wí.

"Òdo ni, Màmá Zofka. Òdo pátápátá." Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ nà mí dáadáa, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún méjìlá ni."

Fọ́tò tí ìlú rí lójú ìwé àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè nìyí: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fọwọ́ di ìdí mú, tí ẹ̀rín ń pa wọ́n kú, àti ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá páànù, tó na ìka sókè, tó ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀.

Ẹlòmíràn ìbá tọrọ gáfárà. Zavrtanik pe àwọn oníròyìn, ó ní àwọn ọ̀tá òun ti wó ilé-ìṣọ́ ńlá orí Triglav, wọ́n sì gbé àgbá sí ipò rẹ̀, kí ìbò tó dé. Ó gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta kalẹ̀ láti wá ilé-ìṣọ́ náà rí. Ìgbìmọ̀ náà jókòó nígbà mẹ́rin. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn alábòójútó igbó ìjọba, pẹ̀lú àwòrán alájà mẹ́ta tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti ara ògiri jẹ́lé-ó-sinmi. Èsì dé lọ́jọ́ kẹta: "A dúpẹ́ fún àwòrán yín. Ọmọ ọdún mélòó ló yà á?"

Wọ́n bi Lapajne ohun tó ní í sọ sí i. Ó ní màlúù àgbẹ̀ Bregar ń rọbí lọ́wọ́, òun ò ráyè.

Ní ọjọ́ ìdìbò, Zavrtanik wọ kóòtù rẹ̀ tó dára jù, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń dìbò. Tilka ló jókòó nídìí ìwé orúkọ.

"Káàdì ìdánimọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́."

Ó rò pé àwàdà ni. Fún ọdún méjìlá kò sí ẹni tó bi í ní irú rẹ̀ rí. "Tilka, ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

"A mọ̀ yín, Ọ̀gá. Ìdí tá a ṣe ń béèrè nìyẹn."

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró wọ̀ọ̀, wọ́n ń wo bí ó ṣe ń tú àpò kan dé òmíràn. Nígbà tó yá, ó rí káàdì náà. Tilka yẹ fọ́tò ara rẹ̀ wò, ó yẹ ojú rẹ̀ wò, ó tún yẹ fọ́tò wò, ó fún un ní ìwé ìdìbò.

Lapajne ní ìbò ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́rin. Zavrtanik ní mọ́kàndínláàádọ́ta. A ti wádìí káàkiri ìlú láti ìgbà náà, ní ilé ọtí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé onígbàjámọ̀: kò sí ẹnì kan tó gbà pé òun wà nínú àwọn mọ́kàndínláàádọ́ta náà, títí kan Cvetko Zavrtanik.